Ojú Mẹ́rin Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ìyàwó àbúrò mi ń jí. N kì í gbọ́ ìgbà tó ń yọ ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni fìtílà tó ti ṣáàjì láti alẹ́: á dún tó, á sì tàn. Kì í gbé e sórí tábìlì. Orí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ló ń gbé e lé, kí ìmọ́lẹ̀ lè fi ìbú gba orí aṣọ kọjá. Ó ní bí iná bá ti òkè wá, òun kì í mọ ibi tí ẹ̀kọ ti nípọn àti ibi tó ti fẹ́lẹ́. Bó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ìlà kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n ń gbé, mo sì lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó padà wálé. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀: obìnrin ọmọ ọdún 11, ọkùnrin ọmọ ọdún 7, àti àbígbẹ̀yìn ọmọ oṣù 14 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ògiri kọ́ ìrìn. "Bọ̀dá Ìbàdàn" ni ìyàwó wa ń pè mí, torí ó bá mi nílé, kò sì ní í pè mí lórúkọ láé. Ìsinmi ni mo bá lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì ni mo ti gbé àga ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí mò ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Nínú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó, igi kan tó wó lu odò ló fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí òrìṣà fi ké jáde. Ìyàwó wa kò bá mi sọ ìtàn yẹn. Ohun tó sọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tí mo dé ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Ìbàdàn, ẹ bá mi sún ẹsẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ro ẹ̀kọ."

Orógùn méjì ló fi há ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ọ̀kan wà fún àmàlà àti ògì àwọn ọmọ. Èkejì ní òwú pupa lọ́rùn, ti ẹ̀kọ aṣọ nìyẹn. Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣi ara wọn mú, nítorí álọ́ọ̀mù wà nínú ẹ̀kọ aṣọ. Ó po láfún mọ́ omi tútù nínú abọ́, ó ń fi ìka tẹ kókó inú rẹ̀ fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ álọ́ọ̀mù tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ó bù ú sí i. Nígbà tí omi orí iná hó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da láfún náà sínú rẹ̀: ọwọ́ òsì ń dà, ọwọ́ ọ̀tún ń rò. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin rẹ̀ gbé ìwé ìṣirò wá.

"Mọ́mì, mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ èló?"

"Kà á fún mi láti mẹ́fà lọ́nà kan."

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà, orógùn ń yí. Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Nígbà tí ọmọ dé mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ, ó rí ìdáhùn rẹ̀, ó sáré padà wọlé. Nígbà náà ni ẹ̀kọ kúrò ní funfun ṣíṣú, tó ń dán bí ike. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kán ẹyọ kan sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó gbé ọwọ́ náà dúró ṣánṣán, ó wò ó. Ẹ̀kọ náà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kò ṣàn. Ó wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn, ó dé e, ó sì lọ sùn. Ẹ̀kọ tó bá ṣì gbóná máa ń tàn lórí aṣọ ni, kì í dúró níbi tí wọ́n bá fi í sí. Ó di kó tutù mọ́jú.

Aṣọ funfun olówùú, yáàdì méjì ààbọ̀, ló tẹ́ sórí tábìlì ní ìdájí ọjọ́ Ajé. Ìdajì ìró ni, torí irú rẹ̀ méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan. Kò lo rúlà. Ó ṣẹ́ aṣọ náà sí méjì ní ìbú, ó tún un ṣẹ́ sí méjì, ó fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po. Ó ṣí i, ó wá ṣẹ́ gígùn rẹ̀ sí márùn-ún. Ìpín márùn-ún ló ṣòro, nítorí ìdajì ìdajì kì í di márùn-ún. Ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ wọn ìpín àkọ́kọ́, ó ká a lọ títí dé òpin, ó rí i pé ó ṣẹ́kù ìka méjì, ó pín ìka méjì náà fún gbogbo wọn lójú lásán, ó sì ká a lẹ́ẹ̀kejì. Ó bára mu wẹ́kú. Aṣọ náà di ojú 20.

Ìbàdàndùn ni oníbàárà béèrè. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ mọ̀ ọ́n: òpó Gbọ̀ngàn Mápó, ilé ńlá orí òkè tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1929, tó tò pẹ̀lú ṣíbí, òpó kan, ṣíbí kan. Àwọn aládìrẹ ayé ìgbà náà kì í jẹ́ kí ohun tuntun kọjá lára aṣọ wọn. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n ya tòun tayaba sórí àdìrẹ pẹ̀lú. Ojú tó kù lára Ìbàdàndùn, aládìrẹ ló mọ ohun tó máa fi kún un: ẹyẹ, ewé, ìràwọ̀, àwọn ìlà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.

Ìyẹ́ apá adìyẹ mẹ́ta ló wà nínú ife omi. Ó gé orí wọn, ọ̀kan mú ṣóńṣó, ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan wà láàárín méjèèjì. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tún wà níbẹ̀ fún títò tó-tò-tó. Ó ti ìyẹ́ pẹlẹbẹ bọ ẹ̀kọ, ó nù ún létí abọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e sórí aṣọ, ó fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń fa gbogbo ìlà sí, kì í tì í lọ. Kì í tẹ ìyẹ́ mọ́ aṣọ. Ẹ̀kọ ló ń kan aṣọ, ìyẹ́ kàn ń ṣamọ̀nà rẹ̀ ni. Fún òpó Mápó, ó fa ìlà gígùn méjì, ó fi kúkúrú méjì dé e lórí, ó fi méjì tẹ́ ẹ nídìí. Fún ṣíbí, ó fa ẹyọ kan fún ìrù rẹ̀, nígbà tó dé òpin ó yí ọrùn ọwọ́, ìyẹ́ náà yí po, ikùn ṣíbí sì jáde láìgbé ọwọ́ kúrò. Mo ka ṣíbí méje. Èjìká rẹ̀ kò mì rárá. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ojú kan gbà á ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ojú mẹ́rin ló ń ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, bí 20 náà ṣe pé láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé bó ṣe ń ya nǹkan ni mo wá wò. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti rí i pé bó ṣe ń dá iṣẹ́ dúró gan-an ni mò ń wò.

Kì í dá a dúró láàárín ìlà. Bí ọmọ bá sọkún nínú yàrá, á kọ́kọ́ fa ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dópin. Ìlà tó bá gbẹ lágbedeméjì á ní oríkèé níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, aró á sì rí ibẹ̀ wọlé. Bó bá dé òpin, á ti ìyẹ́ bọ inú ife, kí ẹ̀kọ má gbẹ mọ́ ọn. Á fi aṣọ tútù bo abọ́ ẹ̀kọ. Á mú ẹyọ ìṣáná kan, á gbé e sí igun ojú tó kàn, kí orí ìṣáná kọjú síbi tí ìlà àkọ́kọ́ máa gbà. Ìgbà yẹn ló tó máa dìde. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju kí ọmọ sunkún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó bá padà, yálà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ní ọjọ́ kejì, kì í dúró ronú. Á gbé ìṣáná kúrò, á fa ìlà.

Ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, a ti gbé apá tó pé sórí ọ̀pá oparun láti máa gbẹ, a kò ká a, torí ẹ̀kọ gbígbẹ máa ń sán. Orógùn kejì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ògì ti ń hó. Àkàrà ti tọ̀nà òde wọlé. Ó na bàtà ọmọkùnrin sí i, ó ní kó wo èyí tó jẹ́ tọ̀tún. Ó wo ọrùn aṣọ ọmọbìnrin, ó yọ bọ́tìnì tí wọ́n há ṣì, ó há a padà, gbogbo rẹ̀ bó ti ń fi ìgbáròkó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ oṣù 14 ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ọmọ gùn, ó fi aṣọ bò ó, ó fà á mọ́ àyà, ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ apá, ó wá gbé ọ̀já lé e, ó so ó. Ó nàró. Ọmọ náà kò yẹ̀ rárá.

Ìkòkò ẹ̀lú ti wà nílẹ̀ kí n tó dé. Ìkòkò méjì ló gun ara wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ti òkè ní ihò nídìí. Ó to igi wẹ́wẹ́ bo ihò náà, ó kó eérú lé e, ó bu omi sí i, omi eérú sì ń kán sínú ti ìsàlẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Inú omi yẹn ló rún ẹ̀lú sí, ewé tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù bí ìṣù àkàrà, tí wọ́n sá gbẹ. Lẹ́yìn náà, ìdúró ló kù. Lọ́jọ́ Ajé ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù. "Ó ń ta, kò tíì rọ̀." Lọ́jọ́bọ̀, ó tọ́ ọ wò, kò sọ nǹkan kan, ó rọra dé e padà. Ìfófòó tó wà lójú rẹ̀ ti ṣú bí ìyẹ́ agbe, ó sì ń kọ yẹ̀rì bí idẹ.

Àgbá rọ́bà kan wà ní ìta ọgbà tí ó ti ń pa aṣọ ọjà, èyí tí kò lè dúró de ẹ̀lú. Aró òyìnbó àti sódà ló wà níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn ló ń wọ̀ débẹ̀, àgádágodo sì wà lára àpótí sódà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, nínú aṣọ, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Ọ̀rọ̀ sódà yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ní Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1930, Aláké fòfin dè é, àwọn obìnrin aláró sì kọ̀, wọ́n ní òwò àwọn ni. Ìyàwó wa kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ó ní sódà ń san owó ilé ìwé, ẹ̀lú ń san gbèsè ìyá òun. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Àbígbẹ̀yìn jí ní aago márùn-ún, ó pọ̀n ọ́n, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó wà lórí ojú kẹta, ó tẹ̀ síwájú láti fa ìrù ṣíbí, ọmọ náà na ọwọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín ẹ̀kọ tútù.

Ohun tí èmi ìbá ṣe ni pé kí n fa ọwọ́ ọmọ kúrò kíá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú níbi tó wà, kí ó má lè fà á. Ó dúró títí ọmọ fi tújú ká. Ó wá gbé ọwọ́ náà sókè tààrà, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ewé lórí móínmóín. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ìka kọ̀ọ̀kan sétí abọ́, márààrún. Ṣíbí méjì àti ìdí òpó kan ló bàjẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan náà kó ẹ̀kọ tó dàrú, ó fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́, kò nù ún, ó tẹ̀ ẹ́, ó ká àkísà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé aṣọ gbígbẹ sí abẹ́ ibẹ̀. Ó tú ọ̀já, ó ki ọwọ́ ọmọ méjèèjì sínú, ó tún un so. Ó fi ìṣáná sàmì síbẹ̀, ó bọ́ sí ojú kẹrin.

Nígbà tó parí ìyẹn, ibi tútù ti gbẹ. Ó padà síbẹ̀, ó ya ṣíbí méjì, ó ya ìdí òpó. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù. Kò ro ògì lọ́jọ́ náà; búrẹ́dì àti ẹyin ni wọ́n jẹ, àwọn ọmọ sì dúpẹ́ bíi pé ọdún dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ aró, nítorí kò sí ilé ìwé. Ó fi àga kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó gbé ìyarun àti òrí sílẹ̀, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ pé kó wá jókòó sí àárín ẹsẹ̀ òun. Ó gbé aṣọ tó ti gbẹ ganrangan, ó ká a wọ́rọ́wọ́rọ́ láìjẹ́ kí ojú ẹ̀kọ fi kan ara wọn, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀lú títí aró fi bò ó. Kò rò ó, kò fún un. Ó ṣan ọwọ́, ó nù ún, ó mú ìyarun.

Ṣùkú ni wọ́n fẹ́ dì. Ó la irun náà láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ó pín in sí méjì, ó pín ìdajì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe pín aṣọ lọ́jọ́ Ajé. Ó mú ìlà àkọ́kọ́ láti etí, ìka mẹ́ta ń gbé, ìka mẹ́ta ń gbà, ó ń gòkè lọ sí àárín orí. Nígbà tó dé òkè, ó so ó. Ó fi ìyarun sílẹ̀, ó bọ ọwọ́ sínú ìkòkò, ó gbé aṣọ jáde.

Aláwọ̀ ewé ni ó jáde, bí ọ̀mùnú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fi í kọ́ sábẹ́ òjìji. Afẹ́fẹ́ kàn án. Láti etí wá sí àárín, àwọ̀ ewé náà ń kú, búlúù ń jí. Ó di ìlà irun kejì. Nígbà tí ìyẹn fi dé òkè, kò sí àwọ̀ ewé mọ́ lára aṣọ. Ó padà sínú ìkòkò.

Báyìí ni wọ́n ṣe é: ìlà kan nígbà tí aṣọ wà nínú aró, ìlà kan nígbà tó wà lójú afẹ́fẹ́. Mo wo aago lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi aago sílẹ̀. Láàárín ìgbà kẹta àti ìkẹrin, ó fún ọmọ kékeré lọ́mú, ó dúnàádúrà lórí fóònù pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ mítà mẹ́wàá, ó ní kí ọmọkùnrin pa iná ẹ̀wà. Ó rẹ aṣọ náà ní ìgbà mẹ́fà, irun náà sì pé ìlà 12. Ọmọbìnrin dìde, ó fọwọ́ kan orí. Lẹ́bàá etí rẹ̀ ọ̀tún, àmì búlúù kan wà, bí tìróò tó ṣìnà.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, aṣọ ti gbẹ. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú báàfù omi, ẹ̀kọ rọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á kúrò, ọ̀bẹ dà gẹ̀rẹ̀ kí ó má baà já òwú. Ọmọkùnrin ń pọn omi, ó ń ka iye rẹ̀ sókè. Omi àkọ́kọ́ ṣú, ìkẹrin mọ́. Àwọn òpó Mápó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ṣe funfun. Ẹ̀kọ kì í dí aró lọ́nà tán, ó máa ń jẹ́ kí díẹ̀ gbà á kọjá, ìlà ẹlẹ́kọ sì máa ń rí bí ojú ọ̀run àárọ̀ lórí búlúù tó ṣú. Ẹ̀yìn aṣọ ṣú látòkè délẹ̀, torí ojú kan péré ni wọ́n ń ya.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ti di ẹrù mi. Aṣọ náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi igi lù ú, ó ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ọmọ fọwọ́ lé. Mo ka ojú láti òkè, mo dé ìlà ìkẹyìn, mo dé ojú kẹta, mo ka ṣíbí rẹ̀. Gbogbo wọn dọ́gba. Mo gbé e sójú oòrùn, mi ò rí nǹkan kan.

"Ìyàwó wa, ibo ni ọmọ yìí fọwọ́ bà?"

Ó ń so okùn bàtà ọmọkùnrin rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó nawọ́ ẹyọ kan sórí aṣọ, ó fi orí ìka kan ààyè kan láàárín ṣíbí méjì, níbi tó yẹ kó ṣú bíi tàwọn yòókù. Nígbà tí ìka rẹ̀ kúrò, mo rí i: ó fi nǹkan tí kò tó èémí mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, níbi tí ẹ̀kọ tí àkísà kò gbé tán ti dí aró díẹ̀. Ó fẹ̀ tó ìka ọmọdé kan.

"Oníbàárà ò ní rí i," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní rí i." Ó fa okùn bàtà náà le, ó ṣe é ní kókó méjì. "Àkísà yẹn ni mi ò fọ̀ láàárín méjèèjì. Mo yára."

Ó ká aṣọ náà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lábẹ́ ibi tó ti wà lórí tábìlì, aṣọ funfun kejì ti wà níbẹ̀, yáàdì méjì ààbọ̀, tí wọ́n ti ṣẹ́ sí ojú 20. Ìṣáná kan wà ní igun ojú àkọ́kọ́. Àkísà mímọ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká wọn jọ.